Eérú Tí Quirino Fi Parí Orin

Láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni Quirino ti ń dá kọrin. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó yé yín: irú orin tiwọn yẹn, a kì í dá a kọ. Ẹni méjì ló ń kọ ọ́. Ẹni àkọ́kọ́ á kọ ìlà mẹ́jọ, kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, orí ìdúró ló ti ń hun ún. Ẹnì kejì á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ bó ṣe wù ú o. Ìró tí ẹni àkọ́kọ́ fi parí ìlà kẹjọ, òun lẹnì kejì gbọ́dọ̀ fi parí ìlà tirẹ̀ àkọ́kọ́, kó tún fi parí ìkẹta, kó tún fi parí ìkarùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní Montelarco àti ní gbogbo abúlé darandaran orí òkè wọ̀nyẹn, láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wọn ti ń da àgùntàn sọ̀kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹ̀bá òkun nígbà òtútù.

Quirino àti Settimio ló jọ ń kọ ọ́, ọdún méjìdínlógójì gbáko. Wọ́n jọ da ẹran lọ, wọ́n jọ da ẹran bọ̀, wọ́n sì jọ di arúgbó tí kò lẹ́ran mọ́. Lọ́dọọdún, bí ọdún ẹni mímọ́ ìlú bá dé, wọ́n á gun pákó tí wọ́n tò sí ojúde ìlú, wọ́n á máa fi orin bú ara wọn títí omi á fi máa bọ́ lójú àwọn èèyàn. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ tán, inú ife kan náà ni wọ́n ti ń mu wáìnì.

Ọdún tó kọjá náà, wọ́n ṣẹ́ kèké kí kálukú lè mọ ohun tó máa gbè lẹ́yìn. Ìwé méjì ló wà nínú fìlà Nazzareno, ẹni tó ni ilé ọtí, tó tún jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ọdún. Wọ́n kọ "ọkùnrin tó níyàwó" sínú ọ̀kan, wọ́n kọ "opókùnrin" sínú èkejì. Ta ló fa opókùnrin? Quirino náà ni. Bẹ́ẹ̀, Ersilia ìyàwó rẹ̀ ò tíì lo ọdún kan nínú ilẹ̀.

Nazzareno rí ìwé náà, ojú tì í. Ó rọra sún mọ́ ọn, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Pààrọ̀ kí ni?" ni Quirino dá a lóhùn. "Ṣé ọmọdé ni mí ni? Ohun tí mo bá fà ni mo ń kọ."

Agídí nìyẹn. Ẹni tó yẹ kó sọ pé ọgbẹ́ òun ò tíì jinná, ó ń ṣe ọkùnrin. Mo mọ irú wọn, wọ́n pọ̀ ní Montelarco.

Settimio wá kọ tirẹ̀ bó ṣe máa ń kọ ọ́. Ó ní opókùnrin ò lẹ́ni tó ń mú ibùsùn gbóná fún un, àfi kó gbé àlùfáà wọlé kí wọ́n jọ sùn. Àlùfáà ni wọ́n ń pe páànù ẹyín iná àti igi rẹ̀ tí wọ́n ń tì bọ abẹ́ aṣọ ibùsùn nígbà òtútù, gbogbo ilé ló ní in. Ojúde ìlú bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà ìjọ gan-an rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Settimio ò ní i lọ́kàn láti fi ṣe Quirino níbi o. Eré tí wọ́n ti ń ṣe fún ọdún méjìdínlógójì ló ń ṣe.

Ṣùgbọ́n inú bí Quirino. Ó rí ibùsùn rẹ̀ lójú ọkàn, ó rí ẹ̀gbẹ́ tí Ersilia máa ń sùn sí, ó sì ń gbọ́ ẹ̀rín gbogbo ìlú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó kọ ọ́ dáadáa, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò kọ ọ́ dáadáa. Nígbà tó dé ìlà kẹjọ, ó ní ojú ààrò òun ti di eérú. Cenere, ni wọ́n ń pe eérú lédè wọn. Ibẹ̀ ló pa ẹnu dé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé ìwà ìkà yìí. Ọ̀rọ̀ tiwọn ò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Ibì kan péré lẹnu ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, sílébù tó ṣìkejì ìparí ni wọ́n ń tẹ̀. Àwọn bẹ́ẹ̀ ò lóǹkà, ìró wọn bára mu yàlà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé sílébù kẹta láti ẹ̀yìn lẹnu ti ń tẹ̀ ẹ́, tí méjì tó kù á wá fẹsẹ̀ yọ̀ tẹ̀ lé e gọ́rọ́gọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ yíyọ̀ ni wọ́n tiẹ̀ ń pe àwọn wọ̀nyẹn. Wọ́n ṣọ̀wọ́n, ẹgbẹ́ wọn ò sì pọ̀. Akọrin lè fi wọ́n sí àárín orin rẹ̀ bó bá ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi wọ́n parí, nítorí ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ yíyọ̀ parí ti gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnì kejì rẹ̀. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ òfin yìí sí. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Cenere, sílébù kẹta láti ẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Nínú èdè wọn látòkè délẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò kún àtẹ́lẹwọ́. Quirino tún ti fi ọ̀kan nínú wọn parí ìlà keje.

Settimio la ẹnu. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì látẹ̀yìn. Wọn kì í fún èèyàn ní àkókò nídìí eré yìí. Kí àwọn èèyàn tó mí èémí kejì, ó yẹ kí orin ti bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ìlà kan, ó já a. Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó fi ọ̀rọ̀ kan tó jọ cenere parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo ojúde ìlú sì gbọ́ bó ṣe tiro. Ẹnì kan súfèé. Settimio mú fìlà rẹ̀, ó dé e, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Quirino o! Wọ́n gbé ife fún un, òun nìkan ló sì mu ún.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pàdé ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn, òkè ni Settimio máa ń wò. Quirino á ní, "Settimio, ẹ̀ẹ́ ti rí?" Settimio á máa wo òkè bí ẹni pé àgùntàn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó di ìgbà òtútù, Quirino jókòó ti ìdáná rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ní Torino, ọjọ́ Àìkú ló ń pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń sọ. Ó ń dáná ẹ̀wà tirẹ̀, ó ń fi wàràkàṣì àgùntàn jẹ búrẹ́dì. Nígbà mìíràn orin á gbé e. Á kọ ìlà mẹ́jọ geere, á parí, á dákẹ́, á máa retí. Kò sí nǹkan kan. Ó máa ń rántí lẹ́yìn ìgbà náà pé òun nìkan ló wà nílé. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe ń dun èèyàn. Ikú Ersilia ba ọkàn rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

Nínú oṣù kejì, ó lọ mu kọfí ní ilé ọtí. Nazzareno nu tábìlì títí, ó ṣì ń nu ún.

"Sọ ọ́ jáde," ni Quirino wí. "O fẹ́ lu tábìlì yẹn já."

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ọdún ni. Ọjọ́ Ẹtì là ń ṣèpàdé. Àwọn kan wà tó ń ta dùùrù alátẹ̀sáyà, abúlé mẹ́ta ló ń wá wọn, wọ́n ní ká tètè fèsì. Bí ẹ̀yin àti Bàbá Settimio bá máa kọrin, a ò ní pè wọ́n. Bí ẹ ò bá ní í kọ..."

"Dùùrù alátẹ̀sáyà! Kí ni wọ́n fẹ́ máa tẹ̀ sáyà lórí pákó wa?"

"Ẹ má fi mí bú, Bàbá. Ẹ lọ bá ọ̀rẹ́ yín."

Ọjọ́ kejì, Quirino fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó fi sin ìyàwó rẹ̀, ó sì lọ sí ilé Settimio. Loredana, ọmọbìnrin Settimio tó ń bá a gbé, ló ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ là.

"Háà, Bàbá Quirino! Ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé, òtútù wà níta. Bàbá mi ń jẹun."

Settimio ò gbójú kúrò nínú abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀. "Loredana, ta ni?"

"Ẹ̀yin náà rí wọn, Bàbá."

"Kí ló ń wá? Bí iyọ̀ ló ń wá, fún un níyọ̀, kó máa lọ."

Quirino bọ́ fìlà, ó dì í mú ní ọwọ́ méjèèjì. "Settimio, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Oṣù mẹ́fà rèé."

"O ò kú. Mo ń gbọ́ bó o ṣe ń mí."

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ Ersilia ló..."

"Má dárúkọ Ersilia!" Settimio ju ṣíbí sílẹ̀. "Èmi ni mo gbé orí pósí rẹ̀. Èjìká mi yìí. Ṣé èmi ni mo ní kó o fa ìwé yẹn nínú fìlà? Wọ́n ní kó o jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, o yarí. Bó o bá ní ó dùn ọ́, ṣé mo máa kọ ọ́ ni? O kàn dúró kó dùn ọ́, o wá gbẹ̀san lára mi níwájú gbogbo ayé."

Quirino ń yí fìlà náà lọ́wọ́. Òótọ́ ni.

"Nazzareno ní bí a ò bá kọrin, àwọn máa pe àwọn onídùùrù," ló wí nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Kí wọ́n pè wọ́n. Wọn ò ní fọwọ́ gbá mi lẹ́nu." Settimio tún mú ṣíbí. Ó jẹun díẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ ọ́ fún ọbẹ̀: "Mo ti rí i, ṣé o mọ̀?"

"Kí lo rí?"

"Èsì ẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ni mo ti ń wá a, títí a fi ká ólífì tán. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé, kò sí èyí tó tiro nínú wọn."

Quirino sún mọ́ tábìlì. "Kọ ọ́! Settimio, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, kọ ọ́ kí n gbọ́. Jẹ́ kí n gbà á."

"Rárá." Kò tiẹ̀ pariwo. "Ibi tó o fi mí sí lórí pákó, tí gbogbo èèyàn dákẹ́ tí wọ́n ń wò mí, ìwọ náà dúró síbẹ̀. Àjàrà mi ni mo ń kọ ọ́ fún, tí mo bá ń rẹ́ ẹ̀ka wọn. Àwọn ò fi mí ṣẹ̀sín rí. Loredana, ilẹ̀kùn."

Bó ṣe jáde nìyẹn. Ọmọ náà tẹ̀ lé e dé àtẹ̀gùn, ó ní kó má bínú, ó ní bàbá òun á gbọ́. Quirino kàn ń mi orí.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, oòrùn mú ṣùgbọ́n òtútù ṣì ń geni, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú lọ sí ọgbà àjàrà Settimio, ó sì lúgọ sẹ́yìn ògiri òkúta. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin! Orúnkún ń ro ó, ẹrẹ̀ ń mu ṣòkòtò rẹ̀. Ó ń gbọ́ àlùmọ́gàjí Settimio ní òdìkejì, ó ń gé ẹ̀ka, ó ń sinmi, ó ń gé ẹ̀ka. Quirino ní bí òun bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Òun á mọ̀ pé orin náà ò kú sọ́wọ́ òun.

Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kó máa lọ. Ìgbà náà ni àlùmọ́gàjí dákẹ́. Settimio wúkọ́, ó tu itọ́, ó sì gbé orin.

Ó gba eérú náà níbi tí Quirino sọ ọ́ sí. Ìlà àkọ́kọ́ parí bó ṣe yẹ, ìkẹta parí, ìkarùn-ún parí, ọ̀rọ̀ yíyọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹsẹ̀ ò sì yọ̀ ọ́ lórí ọ̀kankan. Ó ní eérú tí wọ́n kó jáde nínú ààrò òun ni òun ń dà sídìí àjàrà nígbà òtútù, pé eérú mà ló ń bọ́ àjàrà. Ó ní òun ti kó gbogbo rẹ̀ dà síbẹ̀, kò ṣẹ́ kù. Quirino ń gbọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò mọ ìgbà tó gbé orí sókè díẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Ní ìlà keje, ohùn Settimio falẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan lápò. Ó tún wá gbé e. Ọ̀rọ̀ tó fi parí ìlà kẹjọ ni tornare, pé kéèyàn padà.

Tornare! Ìdajì ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà lédè wọn ló ń parí ní are báyẹn, ọ̀rọ̀ tiwọn fún kọrin, sọ̀rọ̀, jẹun, lọ, rìn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ eyín á rí mẹ́wàá kó tó ṣẹ́jú. Ìlà mẹ́jọ dé sí Quirino lẹ́nu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n tò sílẹ̀, wọ́n ń tì í léyín.

Ó fi eyín mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní bí òun bá dáhùn, Settimio á mọ̀ pé òun wá jalè. Ohun tí Settimio ní kí òun má gbọ́, òun tún wá fipá gbọ́ ọ. Òun á tún dójú tì í lẹ́ẹ̀kejì, nínú ọgbà ara rẹ̀. Ó mú ìbọ̀wọ́ náà ṣinṣin.

Àlùmọ́gàjí ò tíì ké. Quirino ń retí kó ké. Ẹyẹ kan fò kọjá, ajá kan gbó ní ìsàlẹ̀ àfonífojì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gùn tó ìlà mẹ́jọ, bóyá ó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni àlùmọ́gàjí bẹ̀rẹ̀ padà, ó ń gé kíákíákíá, kò sì sinmi mọ́.

Quirino rá pálá kúrò níbẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, inú rẹ̀ dùn! Ó dáná ẹran àgùntàn, ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní òun ti gbọ́ ọ, òun sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀rẹ́ òun. Kí òun ṣe sùúrù, bó bá di ọjọ́ Ẹtì, kí ìgbìmọ̀ tó ṣèpàdé, òun á tún lọ bẹ̀ ẹ́. Ó kọ èsì rẹ̀ níwájú ìdáná lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn.

Ọjọ́bọ̀, ó lọ ra búrẹ́dì. Loredana ń jáde bọ̀ láti inú ilé búrẹ́dì náà. Ó rí i, ó dúró, ojú rẹ̀ ò là bíi tọjọ́sí.

"Bàbá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Kí ló dé tí ẹ ò dá bàbá mi lóhùn?"

"Dá a lóhùn níbo?"

"Lẹ́yìn ògiri! Wọ́n rí fìlà yín. Wọ́n ní ẹni tó gùn bíi yín, ògiri kúkurú ló ń bá fara pamọ́." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. "Bàbá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni orin yẹn ṣe ń parí. Mo mọ̀ ọ́n, láti ìgbà ólífì ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ líle kan ni wọ́n fi parí rẹ̀, wọ́n ní bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ ẹ máa ya ahọ́n. Ìgbà tí wọ́n rí fìlà yín ni wọ́n yí i padà níbẹ̀, lórí ìdúró. Wọ́n ní àwọn jù ú sí yín lọ́wọ́ bí ẹni ju ọsàn sọ́mọdé. Wọ́n dúró. Wọ́n ní àwọn dúró títí ìka àwọn fi kú."

Quirino fi ọwọ́ kan fìlà orí rẹ̀.

"Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n ní: 'Ó dáa, ó ti parí.' Mo ní kí ló parí, wọn ò dá mi lóhùn. Àná ni wọ́n lọ bá Nazzareno pé kó pe àwọn onídùùrù. Ìgbìmọ̀ ti fèsì sí wọn láàárọ̀ yìí."

"Mo ní in," ni Quirino wí. "Loredana, mo ní èsì rẹ̀. Ó wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní kí n má baà... mo rò pé..." Ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́. Orin ló jáde. Ó kọ ìlà àkọ́kọ́. Àwọn obìnrin tó tò fún búrẹ́dì yíjú sí i.

Loredana di apá rẹ̀ mú. Ẹkún ti ń gbọ̀n ọ́n. "Ẹ má kọ ọ́ fún mi, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á."

Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì lè dá a dúró. Ó kọ ọ́ dé ìlà kẹjọ, ó parí, ó dúró. Àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́ fún un, ọ̀kan ní, "Ohùn yín ṣì wà níbẹ̀ o, Bàbá!" Wọ́n sì wọlé lọ gba búrẹ́dì wọn.